Nígbà tí Taorata Di Ìwé Gíríkì

 

 Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí ní agbègbè wa yìí, láti Lekki dé Ajah títí wọ Sangotedo: “Ústáàsì, ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ká má tiì wá sọ ti Lárúbáwá. Ṣé kò lè máa ka Àlùkùránì tí wọ́n fi lẹ́tà ABC kọ?” Àwọn mìíràn á tún fi kún un pé, “Àbí kó kúkú máa ka ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣebí ohun tí Ọlọ́hun sọ náà ni?”

Ẹni tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò kórìíra ẹ̀sìn. Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà ń sọ sí ọmọ náà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Jímọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni tẹlifíṣọ̀n ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ inú ẹ́sítéètì fi ń ṣeré, ìyá rẹ̀ gan-an sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a wí. Wákàtí méjì ni ilé kéwú ń rí lára rẹ̀ ní Sátidé àti méjì mìíràn ní ọjọ́ Àìkú, bí gòsúlòó ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ bá gbà. Mo mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn àwọn kan tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Àwọn Yẹ́húdí ni, àwọn tí a fún ní Taorata. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún.

Ní ọdún 332 ṣáájú ìbí Ànábì Ìsá (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Alexander, ọba àwọn ará Makedóníà, gba ilẹ̀ Íjíbítì. Ó dá ìlú kan sílẹ̀ létí òkun, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é: Alẹkisáńdríà, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Iskandariyya títí dòní. Ó kú ní 323, àwọn ọ̀gágun rẹ̀ sì pín ilẹ̀ tó kó jọ láàárín ara wọn. Íjíbítì bọ́ sọ́wọ́ Ptolemy, ìdílé rẹ̀ sì jọba níbẹ̀ fún nǹkan bí 300 ọdún. Gíríkì ni èdè ààfin. Gíríkì ni wọ́n fi ń san owó orí, òun náà ni ẹni tó bá fẹ́ ipò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Àwọn Yẹ́húdí pọ̀ púpọ̀ ní ìlú náà, sọ́jà ni àwọn kan, oníṣòwò ni àwọn kan. Ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ. Bàbá gbọ́ èdè ìbílẹ̀, ó sì ń sọ ọ́. Ọmọ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èdè mìíràn ló fi ń fèsì. Ọmọ-ọmọ á kàn máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Taorata wà nínú sínágọ́gù, wọ́n ń kà á, àwọn tó jókòó kò sì mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó bí ìtumọ̀ Taorata sí èdè Gíríkì nìyẹn.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ dùn gan-an. Ó wà nínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Lẹ́tà Aristeas. Ó ní ọba Ptolemy Kejì, tó jọba láti 285 sí 246 ṣáájú ìbí Ànábì Ìsá, ń kó ìwé gbogbo ayé jọ sínú ilé ìkàwé rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí olórí àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì fi àgbà 72 ránṣẹ́ sí i, mẹ́fà láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yà méjìlá. Wọ́n kó wọn lọ sí erékùṣù Pharos, wọ́n sì parí iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 72. Àwọn tó wá sọ ìtàn náà lẹ́yìn tún fi iyọ̀ sí i: wọ́n ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi àwọn àgbà náà sí, ohun tí wọ́n kọ sì bára mu láìyẹ̀. Láti ara iye wọn ni ìtumọ̀ náà ti gba orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí, Septuagint, tó túmọ̀ sí àádọ́rin ní èdè Látìn.

Èmi kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn náà kò sì gbà á. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà ṣe bí ẹni pé ìṣojú òun ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà kọ ọ́ fi hàn pé ó gbé ayé lẹ́yìn ọba yẹn dáadáa. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ìwé márùn-ún Ànábì Mùsá ti wà ní èdè Gíríkì ní Alẹkisáńdríà, àti pé àwọn Yẹ́húdí fúnra wọn ló nílò rẹ̀ ju ọba lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Bàbá Ptolemy àkọ́kọ́ ń jẹ́ Lagos. Bẹ́ẹ̀ ni, Lagos! Kò kan Èkó tiwa o, àwọn Pọtogí ló fún wa ní tiwa. Ṣùgbọ́n orúkọ náà jọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríkì fi ń pe ehoro. Ehoro sì wà lára àwọn ẹran tí Taorata ní kí Yẹ́húdí má jẹ. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ dé ibẹ̀, wọn kò lo ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ mìíràn tó dà bí “onírun lẹ́sẹ̀” ni wọ́n kọ. Àwọn rábì ìgbà tó yá ní nítorí ìyàwó ọba ni, kí ọba má bàa rò pé wọ́n fi ìyàwó òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó ni o, bàbá ńlá ni o, ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé Ọlọ́hun lábẹ́ ọba á máa wo ojú ọba.

Inú àwọn ará Alẹkisáńdríà dùn sí ìtumọ̀ náà. Philo, onímọ̀ Yẹ́húdí tó gbé ibẹ̀ nígbà ayé Ànábì Ìsá, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn ń sọdá sí Pharos láti ṣe àjọyọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Philo yìí gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kọ lórí Taorata, kò gbọ́ Hébérù tó nǹkan. Ìwé kan láti ọ̀dọ̀ àwọn rábì ìgbà ẹ̀yìn sì fi ọjọ́ kan náà tí wọ́n ṣe ìtumọ̀ yẹn wé ọjọ́ tí àwọn baba ńlá wọn ṣe ère ọmọ màlúù. Ìwé kan ṣoṣo ni o: àwọn kan ṣe àjọyọ̀ rẹ̀, àwọn kan ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Kí ló mú àwọn wọ̀nyí ṣọ̀fọ̀? Èdè kì í dá nìkan wọlé. Ní 175, ọkùnrin kan láti ìdílé àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù fi orúkọ àbísọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ di Jason, ó fi owó ra ipò olórí àlùfáà lọ́wọ́ ọba Antiochus Kẹrin, ó sì kọ́ ilé ìdárayá àwọn Gíríkì sí inú ìlú mímọ́. Ìhòòhò ni wọ́n ń ṣeré níbẹ̀. Ìwé ìtàn ìgbà náà sọ pé àwọn kan lára àwọn Yẹ́húdí wá ọgbọ́n láti fi pa ilà abẹ́ wọn rẹ́, nítorí ojú ń tì wọ́n. Ní 167, ọba yẹn fi òfin de ìkọlà àti ọjọ́ ìsinmi wọn, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń fa ìwé Taorata ya, wọ́n ń sun ún. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Ìdílé Maccabee ló ṣáájú ogun náà, wọ́n sì gba Tẹ́ḿpìlì padà ní 164.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ja ogun yìí, nígbà tí àwọn náà dé orí oyè, kí ni wọ́n ń jẹ́? Hyrcanus. Aristobulus. Alexander! Wọ́n lé ọba Gíríkì lọ, orúkọ Gíríkì jókòó sínú ilé. Kété ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n hú òkúta kan jáde ní Jerúsálẹ́mù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Theodotos ló kọ ọ́ pé òun kọ́ sínágọ́gù fún kíka Taorata àti kíkọ́ni ní àṣẹ Ọlọ́hun, òun sì kọ́ ilé àlejò mọ́ ọn. Àlùfáà ni, bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ sì jẹ́ olórí sínágọ́gù. Gbogbo ohun tó wà lára òkúta náà, Gíríkì ni. Mi ò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tó ta ẹ̀sìn rẹ̀. Èdè tí àwọn tó ń wá síbẹ̀ lè kà ló fi kọ ọ́.

Ní báyìí, ká wọ inú ihò àpáta. Ní ìgbà òtútù 1946 sí 1947, àwọn darandaran láti ẹ̀yà Lárúbáwá Ta‘amireh ń da ewúrẹ́ ní ẹ̀bá Òkun Iyọ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní Qumran. Ọ̀dọ́ kan nínú wọn, Muhammad, tí wọ́n ń pe ìnagijẹ rẹ̀ ní adh-Dhi’b, ìyẹn ìkookò, ló wọnú ihò kan tó bá ìkòkò amọ̀ níbẹ̀, ìwé kíká tí wọ́n fi awọ ṣe sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1956, ihò mọ́kànlá ni wọ́n ti rí ìwé nínú wọn. Àjákù ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tò wọ́n pọ̀, ìwé tó lé ní 900 ni. Àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Ànábì Ìsá. Ìwé Isaiah tó wà lódindi gùn ju mítà méje lọ, awọ 17 ni wọ́n rán pọ̀. Ó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún dàgbà ju odidi Bíbélì Hébérù tó pẹ́ jù tí ọwọ́ tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Kí n tó tẹ̀síwájú: ẹ dákun, ẹ yé fi fídíò WhatsApp tó ń sọ pé orúkọ Ànábì Muhammad wà nínú ìwé Qumran ránṣẹ́ sí mi. Kò sí níbẹ̀. Orúkọ Ànábì Ìsá pàápàá kò sí níbẹ̀. Ẹ̀sìn wa kò nílò irọ́ láti dúró, ọmọ tó bá sì fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ jiyàn ní yunifásítì á kàbùkù.

Ohun tó wà níbẹ̀ ti tó yani lẹ́nu. Hébérù ló pọ̀ jù nínú àwọn ìwé náà, Árámáíkì tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n Gíríkì náà wà. Gbogbo ohun tí wọ́n rí nínú ihò keje, Gíríkì ni. Nínú aṣálẹ̀ kan náà, ní àfonífojì Nahal Hever, wọ́n rí ìwé àwọn Ànábì kéékèèké ní èdè Gíríkì. Akọ̀wé náà ń kọ Gíríkì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n níbikíbi tó bá ti kan Orúkọ Ọlọ́hun, kò fi Gíríkì kọ ọ́. Á yí ọwọ́ padà, á fi lẹ́tà Hébérù àtijọ́ kọ ọ́, irú èyí tí àwọn ènìyàn kò fi kọ̀wé lójoojúmọ́ mọ́. Ó gbà kí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù wọ aṣọ Gíríkì, àyàfi Orúkọ yẹn.

Inú àfonífojì yẹn kan náà ni lẹ́tà kan tí mo fẹ́ràn ti jáde. Ní ìgbà ogun Bar Kokhba, láàárín 132 sí 135 lẹ́yìn ìbí Ànábì Ìsá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Soumaios kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ àti èso ọsàn ránṣẹ́, nítorí ọdún àgọ́ ti dé tán. Ó ní Gíríkì ni òun fi kọ ọ́ nítorí pé kò rọrùn fún àwọn láti rí i kọ ní Hébérù. Ẹ rò ó wò: ogun ni wọ́n ń jà nítorí ẹ̀sìn àti ilẹ̀ wọn, ọdún ẹ̀sìn ni lẹ́tà náà wà fún, síbẹ̀ wọn kò rí ọ̀nà kọ èdè ẹ̀sìn náà!

Àwọn ìwé Qumran tún yanjú àríyànjiyàn kan. Ìwé Jeremiah tó wà ní Gíríkì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ kúrú ju ti Hébérù tí àwọn Yẹ́húdí ń kà lọ. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn kan ń di ẹ̀bi ru àwọn olùtumọ̀ pé wọ́n gé e kúrú. Nígbà tó yá, wọ́n rí àjákù Jeremiah ní Hébérù nínú ihò kẹrin, èyí tó bá ti Gíríkì kúkúrú yẹn mu. Olùtumọ̀ kò jẹ̀bi. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló túmọ̀. Oríṣi ìwé Jeremiah méjì ló ń káàkiri nígbà náà. Àwa tí a gbà pé ọwọ́ ènìyàn ti kan àwọn ìwé ìṣáájú, ẹ jẹ́ ká fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ tó wà nínú àwọn ìwé Qumran jẹ́ ti bí wọ́n ṣe tò lẹ́tà, àmọ́ àwọn tó tóbi bí ti Jeremiah yìí náà wà.

Ìtàn tó máa ń dẹ́rù bà mí jù nìyí. Ọlọ́gbọ́n kan ní Jerúsálẹ́mù, Ben Sira, kọ ìwé ọgbọ́n ní Hébérù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó lọ sí Íjíbítì ní nǹkan bí 132 ṣáájú ìbí Ànábì Ìsá, ó sì túmọ̀ ìwé bàbá àgbà rẹ̀ sí Gíríkì. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé, ó ní ohun tí wọ́n bá sọ ní Hébérù kì í ní agbára kan náà tí wọ́n bá gbé e lọ sínú èdè mìíràn, títí kan Taorata fúnra rẹ̀. Ìtumọ̀ Gíríkì yẹn tàn kálẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ti Hébérù? Ó sọnù. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá tí ènìyàn kò rí i. Ní 1896 ni onímọ̀ kan, Solomon Schechter, dá ojú-ewé kan nínú rẹ̀ mọ̀ láàárín àwọn àjákù tí wọ́n rà wá láti Ìlà-oòrùn. Ó lọ sí Káírò, sínú sínágọ́gù Ben Ezra ní Fustat, ó sì bá àjákù ìwé rẹpẹtẹ níbẹ̀.

Kí ló kó ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ síbẹ̀? Àwọn Yẹ́húdí kì í ju ìwé tó ní Orúkọ Ọlọ́hun sórí ààtàn. Yàrá kan ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n ń pè é ní genizah. Ó yẹ kí èyí yé ẹni tó bá ti rí bí àwọn ààfáà wa ṣe ń kó ojú-ewé Àlùkùránì tó ti ya jọ, tí wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n sun ún. Èdè Lárúbáwá ni ọ̀pọ̀ lára ìwé tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà Hébérù ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí Lárúbáwá ti gba ipò Gíríkì lẹ́nu wọn. Àwọn ààfáà Ìlọrin náà ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn: wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, òun la ń pè ní ànjẹ̀mí. Èdè lè kúrò lẹ́nu kí lẹ́tà dúró sọ́wọ́.

Nílé wa ńkọ́? Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí ìwé Róòmù jáde ní 1850 tí odidi rẹ̀ sì parí ní 1884, ìsìláàmù ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Àlùfáà, àdúrà, wòlíì, àlàáfíà, ìwàásù: inú ilé kéwú ni àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti wá, kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìtumọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, ó máa ń yá aṣọ aládùúgbò wọ̀. Ní 1906, Àlùkùránì náà jáde ní Yorùbá. Ta ló túmọ̀ rẹ̀? M. S. Cole ni, àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì. Ó di 1973 kí èyí tí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ṣe tó jáde láti Beirut. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí a fi jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa sọ ohun tó wà nínú ìwé wa. Kì í ṣe Cole ni mo ń bá wí.

Ẹ má sì rò pé mo ní kí a máa sá fún èdè àjèjì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ní láti ara Gíríkì ni kálámù ti wá, ìyẹn qalam, àti qirṭās tó jẹ́ ìwé, àti Injīl. Imam Shāfi‘ī kò gbà pé ọ̀rọ̀ àjèjì kankan wà nínú Àlùkùránì. Abū ‘Ubayd al-Qāsim ní àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di Lárúbáwá kí Àlùkùránì tó sọ̀ kalẹ̀. Ti Abū ‘Ubayd ni ọkàn mi gbà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìbéèrè yín. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dára, ẹ rà á, ẹ kà á pẹ̀lú ọmọ yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a fi ń kírun. Wọ́n gbà á wá pé Imam Abū Ḥanīfa kọ́kọ́ gba kíké é ní èdè Páṣíà láàyè. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ méjèèjì, Abū Yūsuf àti Muhammad, ní àfi ẹni tí kò bá lè ké Lárúbáwá rárá, wọ́n sì ní òun náà padà sórí ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní mádhábì Mālik tí àwa ń tẹ̀lé, kò sí àyè fún un.

Ti lẹ́tà ABC wá ńkọ́? Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni fún àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn, tó fẹ́ kírun lọ́la. Fún ọmọ ọdún méje, ẹ má ṣe é. ABC kò ní ‘ayn, kò sì ya ḥā’ sọ́tọ̀ kúrò lára hā’. Qalb ni ọkàn, kalb ni ajá, ọmọ tí kò bá fojú rí qāf àti kāf lórí wàláà á máa pe méjèèjì bákan náà. Lẹ́tà 28 péré ni. Bí ọmọ bá ń kọ́ méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 14 ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju táàmù kan lọ ní iléèwé rẹ̀. Alif àti bā’ la máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́.